Oorun Tí Mo Kọ Sínú Ìwé

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni, lọ́dún 2006, aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú, wọ́n gbé ọkùnrin kan wọ ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ketu. Mo wo aago ara ògiri kí n tó kọ ọ́. Oṣù kẹta mi nìyẹn lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lẹ́yìn yunifásítì.

Alábàárù ni ní ọjà Mile 12. Níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù tòmátì ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ ti já lù ú lórí. Ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó sì bèèrè bóyá apẹ̀rẹ̀ tó wà lórí òun ti fọ́. Dókítà ní kí n máa jí i ní ọgbọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí n máa bi í ní ìbéèrè, kí n máa tan iná sí i lójú. Ó ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà sínú agbárí, agbárí kì í fẹ̀. Ọpọlọ ni yóò máa fún pọ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde lọ sí Ifákọ̀.

Ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo jí i, ó dáhùn. Nígbà tí mo padà dé lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ń ta ata lọ́jà kan náà, di ọwọ́ mi mú.

"Aunty Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Aago mẹ́ta ìdájí ni ọkọ̀ ń dé láti Òkè Ọya. Ìgbà wo ló ráyè sùn?"

Nọ́ọ̀sì àgbà tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ dá wọn lóhùn o, ẹ̀yin yunifásítì. Ẹ fẹ́ jí i kó wá ṣe ìdánwò!"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Ní Mile 12, ta ni oorun ń tó? Mo kọ ọ́ sínú ìwé: Ó ń sùn dáadáa. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo tún kọ ohun kan náà. Ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ ti wálẹ̀ láti ọgọ́rin sí ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan. Ìsinmi ni mo pè é.

Ní aago méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, ìhanrun rẹ̀ yí padà. Á lọ, á dúró, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo tẹ èékánná rẹ̀, kò lajú. Mo tan iná: ọmọlójú ọ̀tún sún kì, ti òsì fẹ̀ kalẹ̀, kò mira. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru sókè, ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ sì ti di àádọ́ta. Oorun kì í ṣe báyẹn; ọpọlọ rẹ̀ ló ń fún pọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ká ìborùn rẹ̀ sí i lábẹ́ orí, àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àyà. Mo yọ ọ́, mo na ọrùn rẹ̀ tààrà. Nọ́ọ̀sì àgbà, tí kò ṣàwàdà mọ́, fi búlọ́ọ̀kù gbé ibùsùn sókè níhà orí, ó fún un ní ọ́síjìn. Mo pe dókítà. Ó ní ká fa omi tó ń dín ọpọlọ wíwú kù sí i lára, ká sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, kí wọ́n ṣí agbárí rẹ̀.

"Ṣé oorun kọ́ ni?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi mí.

"Oorun kọ́, Mummy. Èmi ni mo pè é bẹ́ẹ̀."

N kò lè sọ pé bí mo bá ti jí i, ohun gbogbo ìbá yàtọ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé n kò jí i. Nígbà tí mo lọ sọ́jà lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn ló ń ta ata níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wà. Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́jà ní wọ́n ti gbé ọkùnrin náà lọ sí Ìjẹ̀bú, ara rẹ̀ ń yá. Òmíràn ní wọ́n ti sin ín. Kò sí èyí tó fojú rí i nínú wọn.

Èyí tí èmi fojú rí nìyí: aago kan ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ìka mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, ọkọ̀ tó gbé e sì ń jáde ní géètì. Ìlùkìkì ọkàn rẹ̀ jẹ́ méjìdínláàádọ́ta. Ó ń mí.