Àkàbà Tó Ń Sùn Nínú Yàrá

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Kambolé, inú yàrá ni àkàbà ilé wa ń sùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí a jọ dàgbà lágbègbè náà ẹ kò ní fi mí rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ń sin ẹyẹlé. Ó so ìkòkò amọ̀ mọ́ ògiri ẹ̀yìnkùlé, lókè pátápátá lábẹ́ òrùlé, ibẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, a ó fi ọmọrí dé ẹnu ìkòkò kọ̀ọ̀kan, a ó sì gbé àkàbà wọlé, torí olè ẹyẹlé pọ̀ nígbà náà ju ológbò lọ.

Èmi ni mo ń tọ́jú àkàbà. Kí n tó mu kókó láàárọ̀, mo ti gùn ún lọ ṣí àwọn ọmọrí. Òórùn ìgbẹ́ ẹyẹlé àti koríko gbígbẹ á kọlù mí nímú. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ má bi mí nídìí. Okùn tí a pa láró ni a so mọ́ ẹsẹ̀ gbogbo wọn, àmì ilé wa nìyẹn. Bí mo bá gbàgbé àkàbà síta, ìkúnlẹ̀ ni, ọwọ́ lókè, títí wọn yóò fi gún iyán tán. Bàbá á ní, “Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.” Mo mọ òwe yẹn kí n tó mọ lẹ́tà Faransé kan ṣoṣo.

Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ tèmi, ó funfun báláú. Àbúrò ìyá mi ló fún mi láti Manigri, ní òdìkejì bọ́dà. Nítorí pé àlejò ni, Bàbá fa ìyẹ́ ńlá apá rẹ̀ kí ó má baà fò padà. Kí ìyẹ́ tuntun tó hù, yóò ti mọ ilé. Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ apá rẹ̀ wò.

Àsìkò animásíọ̀n nìyẹn. Ẹ ò ní gbàgbé: wọ́n á kó àwa ọmọ iléèwé lọ jó, kí a fi orin yin olórí orílẹ̀-èdè, ẹnì kan ṣoṣo náà tí a bá lórí àga nígbà tí wọ́n bí wa. Lọ́jọ́ tí mínísítà kan ń bọ̀ wá sí ìlú Tchamba, olùkọ́ wa ní ọmọ tí kò bá wá, bàbá rẹ̀ ni yóò wá ṣàlàyé. Gbogbo ará ilé wa sì ti lọ kọ ebè. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo gbọ́n: mo da ọkà bàbà sínú ìkòkò kọ̀ọ̀kan, mo sì dé wọn padà, kí olè má baà rí ẹyẹ kankan mú nílẹ̀. Bí kámíò, ọkọ̀ akẹ́rù tó wá kó wa, ṣe fọn fèrè, mo sáré. Mo fi àkàbà sílẹ̀ lára ògiri.

Mo jó, mo jẹ búrẹ́dì àti sàdíìnì. Nígbà tí mo padà dé, gbogbo ọmọrí ti wà nílẹ̀.

Bàbá kò nà mí. Ì bá nà mí, ì bá sàn. Lọ́jọ́ ọjà Tchamba, ó gbé mi sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, a sì ń wo apẹ̀rẹ̀ kiri títí mo fi rí funfun mi. Wọ́n ti já okùn aró kúrò lẹ́sẹ̀ gbogbo wọn. Ọkùnrin tó ń tà wọ́n búra pé ilé òun ni wọ́n ti yọ jáde nínú ẹyin. Bàbá kò pariwo. Ó pe àgbà àwọn aládìẹ.

“Aláàjì, ẹ jẹ́ kó ṣí apẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá fò lọ, ilé ẹni tó ni ín ló ń lọ. Èyí tó bá dúró tì í, tiẹ̀ ni.”

Bí wọ́n ṣe ń dájọ́ ẹyẹlé lọ́jà náà nìyẹn, Aláàjì sì pàṣẹ. Àwọn ẹyẹlé gbéra, wọ́n yí po lókè igi máńgòrò, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Kambolé. Tèmi nìkan ló kù, tó ń lu apá lásán.

Mo kígbe, “Bàbá, ìyẹ́ rẹ̀ ni ò tíì hù!”

Ó wo ẹyẹ náà, ó wò mí. “Ẹnu mi ló ti jáde, Ràmátù. Mi ò lè gbé e mì.”

Ọkùnrin náà dá a padà sínú apẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a délé, àwọn yòókù ti wà lórí òrùlé, wọ́n ń retí ọkà. Ẹkún ni mo fi gun àkàbà. Ọ̀pọ̀ oṣù ni n kò fi ọmọrí dé ìkòkò funfun mi, bóyá á padà wá. Kò dé. Àárò rẹ̀ ṣì ń sọ mí di ìsinsìnyí.

Sokodé ni mò ń gbé báyìí. Ìgò fífọ́ ló wà lórí ògiri wa, ilẹ̀kùn irin ní àgádágodo méjì, kò sì sí ohun tó ń ké nínú ọgbà. Nínú yìnyín ni adìẹ tí àwọn ọmọ mi mọ̀ ti ń wá. Lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá, mo lọ sí Kambolé. Bàbá ti kú, àwọn ẹ̀gbọ́n mi wà ní Lomé àti Kùtọnu. Àwọn ìkòkò ṣì wà lára ògiri, wọ́n lanu sílẹ̀. Kò sí olè tó jí ẹyẹ kankan lọ́tẹ̀ yìí. Kò sẹ́ni tó ń da ọkà fún wọn mọ́ ni wọ́n fi lọ. Mo da ẹ̀kúnwọ́ ọkà kan sílẹ̀, mo dúró títí awakọ̀ tó gbé mi wá fi ń fọn fèrè sí mi. Àkàbà ṣì wà lára ògiri níta, ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Mo gbé e wọ yàrá Bàbá kí n tó tilẹ̀kùn.