Do-re-mi Tí Èmi àti Bọ̀dá Akin Jọ Ta

Ọjọ́ Sátidé tí mo lọ kí Bọ̀dá Akin ní Oǹdó kò lè kúrò lọ́kàn mi. Òun ló kọ́ mi ní gìtá jáàsì, kí àrùn rọpárọsẹ̀ tó mú ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ àti ohùn rẹ̀ lọ.

Mo gbé gìtá wọkọ̀ ní Àkúrẹ́. Nígbà tí mo dé, mo ta do-re-mi kíákíá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, kó lè rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ó fajú ro.

Ìyàwó rẹ̀ rán mi létí ohun tó máa ń sọ: “Má ṣe é bí ẹni ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì. Kọ ọ́ lórin.”

Bọ̀dá Akin na ọwọ́ ọ̀tún sí gìtá náà. Mo gbé e lé e láyà. Èmi ń tẹ okùn, òun ń ta á, ó ń dúró díẹ̀díẹ̀ bí akọrin tó ń mí. Do-re-mi lásán di orin.

Nígbà tí a parí, ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Kò fọwọ́ kan gìtá mọ́ títí ó fi kú. N kò tíì gbọ́ do-re-mi tó dùn tó ti ọjọ́ náà, kò sì sí èyí tó dùn mí tó o.