Ẹnu Tí Mo Yá Lò

Ní gbogbo ọdún tí mo fi jẹ́ kóòṣì àgbà fún ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, n kò jágbe mọ́ ọmọ kankan rí. Ohun tí àwọn èèyàn Ìkòsì fi mọ̀ mí nìyẹn. Títí di òní, bí mo bá ń ra àlùbọ́sà ní Mile 12, ọkùnrin onírùngbọ̀n kan lè dọ̀bálẹ̀ láàárín àwọn alábàárù, kó sì sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Daddy tó kọ́ wa ní bọ́ọ̀lù nìyí. Wọn kì í bínú." Màá rẹ́rìn-ín, màá ṣàdúrà fún wọn. Lẹ́yìn náà, màá gbé àlùbọ́sà mi, ọkàn mi á sì máa dá mi lẹ́bi títí màá fi délé.

Kì í ṣe pé n kò ní ìbínú. Ẹlòmíràn ni mo gbé e rù.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Bí eré bá ń lọ lọ́wọ́, èmi a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, igbákejì mi a dúró lẹ́yìn èjìká mi ọ̀tún. Agbábọ́ọ̀lù mi ni òun náà tẹ́lẹ̀, ọmọ ìlú kan lápá Ọ̀yọ́, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Owódé Onírin láàárọ̀, tó sì ń wá sí pápá nírọ̀lẹ́. Bí ọmọ kan bá ṣe ohun tí kò tọ́, màá yí orí díẹ̀, màá sọ ọ́ sí i létí wẹ́rẹ́: "Sọ fún ọmọ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lápá òsì yẹn pé bó bá tún fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, mo máa yọ ọ́." Ohùn tó fi ń dá oníbàárà dúró láàárín ariwo irin ni yóò fi jíṣẹ́ náà: "Ìwọ yìí, ṣé o wá nájà ni? Ẹ̀yìn ẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu bíi ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jà lólè. Tún un ṣe, kí n yọ ẹ́ dànù."

Nígbà tí àárín eré bá tó, tí ọmọ náà bá jáde, tí ojú rẹ̀ pọ́n, èmi náà ni yóò bá lórí bẹ́ǹṣì. Màá gbá a léjìká jẹ́jẹ́, màá fún un ní omi ọlọ́rá, màá ní, "Má jẹ́ kó dùn ẹ́. O ṣe dáadáa."

N kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í pariwo lójú ọ̀nà. Bí bàbá mi bá fẹ́ kí wọ́n bá ọmọ wí, àbúrò wọn ni wọ́n ń rán. Wọ́n á ní, "Bá mi bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀." Bí ọ̀rọ̀ náà bá wá le ju pàṣán lọ, ọ̀dọ̀ bàbá mi kan náà ni a ó sá wá fún ìpẹ̀. Bí mo ṣe bá a nìyẹn, bí mo sì ṣe gbé e dé orí pápá nìyẹn. Àwọn ọmọ ń pè mí ní Daddy. Igbákejì mi, Rodo ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó ṣe ń ta wọ́n lára.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí n ṣì máa bójú tó ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí orúnkún kọ̀ fún mi, mo ní kí wọ́n fi igbákejì mi sípò mi. Ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, obìnrin tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àkọ́bí mi lọ, pè mí sí ọ́fíìsì.

"Daddy, a ti bi àwọn ọmọ. Wọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní ẹnu ẹ̀ ti mú jù."

"Madam, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ yẹn, èmi ni mo ni ín. Èmi ni mò ń sọ ọ́ sí i létí. Òun kàn ń jíṣẹ́ ni."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, sà. A mọ̀ pé ẹ ò lè sọ̀rọ̀ èèyàn láìdáa."

"Kì í ṣe àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí. Òótọ́ ni mo sọ."

"Ẹ tiẹ̀ gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́. Ṣé ohùn yìí ló fẹ́ pe ọmọ ọlọ́mọ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n jà lólè?"

Mo wá ìbínú kiri nínú ara mi kí ó lè gbà mí gbọ́. N kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e jáde mọ́.

Mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún igbákejì mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, níbi tó ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí bọ́ọ̀lù. Kò kọ́kọ́ gbójú sókè.

"Ẹ̀yin náà, sà. Kí lẹ lọ ń ba orúkọ ara yín jẹ́ sí? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní Rodo. Ọbẹ̀ wo ló dùn tí ò ní in?" Ó tẹ bọ́ọ̀lù náà wò. "Àmọ́ mo fẹ́ iṣẹ́ náà o, sà, mi ò ní purọ́ fún yín. Mo ti sọ fún ìyàwó mi."

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn dáadáa. Mo pinnu pé nínú ìdíje mi ìkẹyìn, èmi fúnra mi ni n ó bá àwọn ọmọ wí, lójú ọ̀gá àgbà, kí gbogbo ayé lè rí orísun ata náà.

Ní ọjọ́ Sátidé náà, ọ̀gá àgbà jókòó sábẹ́ agbòjò, àwọn ọkọ̀ tòmátì sì ń fun fèrè lójú títì. Ọmọ ẹ̀yìn òsì tún fi àyè rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì gbá bọ́ọ̀lù wọlé wa. Mo dìde. Mo la ẹnu, mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí," ohùn mi sì já sí méjì. Mo tún gbìyànjú, ikọ́ ló jáde. Àwọn ọmọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì gbé omi, wọ́n sáré bò mí.

"Ẹ jókòó, sà. Ooru yìí ti pọ̀ jù."

"Rodo ló mú Daddy bínú," ọ̀kan sọ lẹ́yìn mi. "Ṣé ẹ rí nǹkan tí mò ń wí?"

Igbákejì mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹnu sí etí mi. "Ẹ jókòó, sà. Ẹ sọ ọ́ fún mi, màá sọ fún un."

A ṣì lè borí. Eré kò tíì tán, mo sì fẹ́ ẹ lọ́kàn gan-an. Mo jókòó. Mo yí orí díẹ̀, mo sọ ọ́ sí i létí, ó sì kígbe ọ̀rọ̀ náà títí dé ògiri òdìkejì pápá. Ọ̀gá àgbà ń wò ó lábẹ́ agbòjò rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń mi orí. A borí ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ gbé mi sókè, igbákejì mi sì ń kó àwọn kóònù tí a fi ń sàmì sí pápá jọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìta ni wọ́n fi sípò mi, ọmọlúàbí ènìyàn, olóhùn jẹ́jẹ́. Wọ́n ní kí igbákejì mi ṣì máa ṣe igbákejì.

Mo lọ wò wọ́n láìpẹ́ yìí. Mo dúró lẹ́bàá ògiri kí n má baà dí wọn lọ́wọ́. Kóòṣì tuntun jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi. Ọmọ kan fi bọ́ọ̀lù ṣòfò. Kóòṣì yí orí díẹ̀, ètè rẹ̀ mì. Ohùn Owódé Onírin sì bú jáde lẹ́yìn èjìká rẹ̀ ọ̀tún, ọmọ náà sì sáré padà sí àyè rẹ̀. Ní àárín eré, kóòṣì gbá ọmọ náà léjìká, ó fún un ní omi ọlọ́rá.

Igbákejì mi rí mi, ó sáré wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ kí mi.

"Ta ló kọ́ ọ̀gá rẹ tuntun ní irú nǹkan yẹn?" mo bi í.

"Èmi ni, sà." Inú rẹ̀ dùn tí mo kíyè sí i. "Ó ní báwo ni Daddy ṣe ń ṣe é tí àwọn ọmọ fi fẹ́ràn wọn tó bẹ́ẹ̀. Mo sì ṣàlàyé fún un."

Kóòṣì tuntun gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, kò pè é, kò pariwo. Igbákejì mi tọrọ ààyè lọ́wọ́ mi, ó sì sáré padà lọ dúró síbi tí mo fi í sí.