Ègbè Tí Ẹnikẹ́ni Ò Gbè ní Arámọkọ

Wọ́n fún ọmọ mi ní òdo nítorí pé ó pa àlọ́ bí ìyá mi ṣe kọ́ ọ! Ẹ jókòó, ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Oníròyìn ni mí, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni mo máa ń gbé kiri. Lọ́tẹ̀ yìí, tèmi ni.

Ìdíje àlọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, nínú gbọ̀ngàn kan ní Arámọkọ. Àlọ́ kan náà ni gbogbo wọn máa pa: bí Ìjàpá ṣe tan Erin wọ kòtò, tó ní wọ́n fẹ́ fi í jọba. Ẹni tó bá gbégbá orókè ló máa ṣojú ẹkùn wa ní Adó. Mosún, ọmọ mi, ò sùn dáadáa nítorí rẹ̀.

Ọmọ Ìjerò pa tiẹ̀. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n pa tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà, láti orí dé ìdí! Inú ìwé iléèwé ni wọ́n ti há a sórí, kò sì sí orin níbẹ̀.

Ó wá kan Mosún. Lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ẹ̀rìjìyàn, olùgbọ́ àlọ́ yìí ò lè fọwọ́ lẹ́rán. Àwọn olùgbọ́ ni ará ìlú tó ń bá Ìjàpá tan Erin. Bí wọ́n bá gbe orin, Erin á sún síwájú. Bí wọn ò bá gbè é, Erin dúró, ẹni tó ń pa àlọ́ náà dúró.

Mosún dá orin, ó dákẹ́. Kò sẹ́ni tó gbè é. Ó tún un dá. Kẹ́kẹ́ pa.

Ọmọ kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ó ti gbàgbé! Ará oko, ilé ló ń pè ní ulé!" Ẹ̀rín sọ.

Ìyá mi jókòó tì mí, ó fẹ́ gbè é. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kìlọ̀ fún wa pé òbí tó bá lanu, ọmọ rẹ̀ ti jáde nínú ìdíje nìyẹn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mosún ń wò wá. Wọ́n lu aago, wọ́n ní kó lọ jókòó.

Mo lọ bá alága àwọn adájọ́, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ní ọmọ yìí ò gbàgbé, ègbè ló ń dúró dè. Ó ní òun mọ̀. Ẹ gbọ́ o, ó mọ̀!

"Àǹtí, ó ń ṣe èmi náà bíi kí n gbè é," ó ní. "Àmọ́ ti inú ìwé ni wọ́n ní ká fún ní máàkì."

Nínú mọ́tò, Mosún yíjú sí ìyá mi. "Màmá àgbà, ẹ má kọ́ mi lálọ̀ọ́ mọ́."

"Ó dáa, ọmọ mi," ni màmá wí.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Ẹnu tó dùn nìkan ò tó fún àlọ́. Ẹni tí yóò gbè é ló ń gbé e ró, àwa la sì jókòó síbẹ̀ tá a pa ẹnu mọ́.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pa á nílé tiyín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, tòun torin rẹ̀. Ẹ tètè o! Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ti sọ fún mi pé èsì ò ní yí padà. Ó ní kí irú àríyànjiyàn yìí má baà wáyé mọ́, láti ọdún tó ń bọ̀, wọn ò ní gba orin láàyè.