Agbẹ̀bí Wá Mọ́tò Àlòkù

Agbẹ̀bí náà ti gbẹ̀bí ọmọ tó lé ní ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó dà á láàmú bí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí. Ní oṣù tó kọjá, mọ́tò rẹ̀ àtijọ́ kú sójú ọ̀nà nígbà tó ń lọ bá obìnrin kan tó ń rọbí. Kí ó tó fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, okùn ìwọ́ ti lọ́ mọ́ ọmọ lọ́rùn. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n bó ṣe dúdú bí aró kó tó ké kò kúrò lójú agbẹ̀bí, ìbáà jẹ́ pé ó ń fọ abọ́ tàbí ó ń ká aṣọ.

Ní báyìí, oyún àbúrò rẹ̀ obìnrin ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ìdí ni ọmọ inú rẹ̀ fi sísàlẹ̀ dípò orí, òdìkejì odò sì ni àbúrò yìí ń gbé, níbi tí bọ́ọ̀sì kì í dé mọ́ tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù kó bí. Mọ́tò kan ṣoṣo ni owó ọwọ́ agbẹ̀bí lè rà. Bó bá ra ìràkurà, ó parí nìyẹn.

“Mú mẹkáníìkì dání o,” ni ọkọ rẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, sọ fún un.

“Bàbá, ilé ta ni mo ń lọ? Ṣebí ilé Káfíńtà tó fẹ́ ta mọ́tò rẹ̀ ni! Ẹni tí mo gbẹ̀bí ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí n wá mú mẹkáníìkì lọ bá a bí ẹni mú ọlọ́pàá lọ?”

“Ṣé ọmọ lo fẹ́ lọ rà ni, àbí mọ́tò?”

Agbẹ̀bí gbé báàgì rẹ̀. Òun nìkan ló lọ.

Mọ́tò náà dúró lábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ń kó pákó sí. Wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán gbinrin, táyà rẹ̀ dúdú bí ẹni fi òróró pa á. Káfíńtà fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì gbé àga wá.

“Ìyá wa, ẹ káàbọ̀! Tiyín ni. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa gbé e lọ.”

Gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, agbẹ̀bí fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú mọ́tò bí ẹni ń wò ó bóyá ara aláìsàn gbóná. Ó gbóná.

“O ti gbé e jáde lónìí ni?”

“Rárá o, Ìyá wa. Látàná ló ti wà níbẹ̀.”

Agbẹ̀bí yọ ọwọ́ kúrò. Ó ti gbọ́ lẹ́nu mẹkáníìkì rẹ̀ rí pé ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò tó ń ṣàìsàn a máa kọ́kọ́ mú ẹ́ńjìnnì gbóná kí olùrà tó dé, torí òwúrọ̀, nígbà tí ara rẹ̀ bá tutù, ni àrùn rẹ̀ máa ń hàn. Bó bá sọ̀rọ̀, ó ti pe ọmọlúàbí lópùrọ́ lójú ìyàwó rẹ̀. Bó bá dákẹ́, àbúrò rẹ̀ ńkọ́?

“Jẹ́ kó tutù ná,” ló sọ. “N ó jókòó dè é.”

Káfíńtà rẹ́rìn-ín. “Ìyá wa, ṣé tíì ni? Ẹlòmíì ń bọ̀ wá wò ó ní agogo mẹ́rin o.”

Ẹ̀rù tún bà á sí i, síbẹ̀ kò dìde. Wákàtí méjì gbáko ló fi jókòó. Káfíńtà ń fá pákó, ṣùgbọ́n ìgbà gbogbo ni irin ìfápákó ń há. Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ọkọ rẹ̀ ló sì ń wò.

Nígbà tí Káfíńtà mú kọ́kọ́rọ́ níkẹyìn, agbẹ̀bí ní, “Dúró ná. Ká ní ìyàwó rẹ ló ń rọbí lọ́wọ́ báyìí, tó sì jẹ́ mọ́tò yìí ni mo fẹ́ gbé wá, ṣé ọkàn rẹ á balẹ̀?”

Káfíńtà tẹjú mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀.

“Dá wọn lóhùn,” ni ìyàwó rẹ̀ wí. “Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ ikú ló ń bi ọ́ ní ìbéèrè.”

Káfíńtà fi kọ́kọ́rọ́ sórí pákó. “Kò ní dáhùn, Ìyá wa. Tó bá ti tutù, àfi ká tì í. Omi ń wọ inú ọ́ìlì rẹ̀. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ ẹ, ojú tì mí láti sọ pé kò dáa.”

Agbẹ̀bí mí kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ìmí náà kò tù ú lára. Kò rí mọ́tò rà, ọjọ́ sì ń lọ.

“Èyí tí mo fi ń kó pákó wà lẹ́yìnkùlé,” ni Káfíńtà rọra sọ. “Kò rẹwà, àmọ́ kò já mi kulẹ̀ rí láàárọ̀ kankan. Ẹ san ìlàjì owó mọ́tò yìí.”

“Ní kùtù ọ̀la, èmi àti mẹkáníìkì ń bọ̀. Má fọwọ́ kàn án.”

“Ẹ mú mẹkáníìkì méjì wá, Ìyá wa. Ó tọ́ sí mi.”

Ìrì ṣì wà lórí mọ́tò náà nígbà tí wọ́n dé. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀, ó wo ọ́ìlì, ó wo bíréèkì, ó fi nọ́ńbà inú ìwé mọ́tò wé èyí tó wà lára irin rẹ̀, ó sì ṣáná sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

“Ìyá, ó burẹ́wà bí ọ̀bọ,” ni mẹkáníìkì wí, “ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le.”

Ibẹ̀ ni agbẹ̀bí ti sanwó, ó sì wà á gba orí afárá lọ sílé àbúrò rẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà, ó ń tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì. Bí òkúta bá ta bá irin, yóò dín eré kù. Àbúrò rẹ̀ gbé ikùn jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀kùn kan pupa, ìkejì àwọ̀ ewé! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kẹ́ ẹ wọlé.”

Ọwọ́ agbẹ̀bí wà lára kọ́kọ́rọ́, kò lè yí i. Nígbà tó ṣe, ó pa á. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ka ení, èjì, títí dé ẹ̀wá, ó sì tún ṣáná sí i.

Ó dáhùn.