Àyè Kẹrin Nínú Bààlúù Kékeré

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà mọ, bíírò ò sì mọ́ mi lọ́wọ́ dáadáa. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá sọ ọ́.

Màmá àgbàlagbà kan ni mò ń tọ́jú ní Padova, ní Ítálì. Àbúrò wọn ti kó lọ sí Ọsirélíà nígbà èwe, ibẹ̀ ló kú sí, màmá ò sì débẹ̀ rí. Ọmọ wọn ọkùnrin, tí mò ń pè ní ọ̀gá, ń gbé ní Torino, wọ́n sì mọ bààlúù wà. Wọ́n ní àwọn máa yá kékeré kan ní Ọsirélíà, kí wọ́n fi gbé màmá yí aṣálẹ̀ ká.

Láti ìgbà náà, tá a bá jẹun ọ̀sán tán, èmi àti màmá á tẹ́ máàpù sórí tábìlì. Mo mọ gbogbo ibi tí wọ́n máa balẹ̀ sí. Mo mọ abúlé tó jẹ́ ilé mẹ́ta àti ilé epo kan. Nínú fọ́tò, ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yìnkùlé wa nílé, àmọ́ kò lópin, kò sì sí ẹni tó máa wò mí níbẹ̀. Ó wù mí gan-an láti lọ.

Lọ́sàn-án Sátidé kan, ọ̀gá àti ìyàwó wọn wá. Bí mo ṣe ń kó abọ́, ọ̀gá ní:

"Àyè mẹ́rin ló wà, àwa mẹ́ta la ń lọ. Ṣé wàá bá wa lọ?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ẹ ṣeun."

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi nílé nìyẹn. Tí àgbà bá fi nǹkan lọ̀ ẹ́, o ò ní sáré nawọ́ bí ẹni tébi ń pa. Wàá kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n á tún fi lọ̀ ẹ́, wàá wá kúnlẹ̀ gbà á. Mo dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, mò ń retí ẹlẹ́ẹ̀kejì.

"Va bene, kò burú," ni ọ̀gá wí. "A ó kó ẹrù síbẹ̀." Wọ́n bá ń po ṣúgà mọ́ kọfí.

Nírọ̀lẹ́, mo sáré lọ bá àǹtí tó ń dirun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdó rélùwéè.

"Wọ́n ní kí o wá fò, o ní rárá?"

"Mo rò pé wọ́n á tún bi mí ni, àǹtí."

"Òyìnbó! Tó o bá ti ní o ò jẹ, wọ́n á palẹ̀ abọ́ mọ́ ni. Jókòó ti ìtìjú ẹ, òun ni yóò gbé ẹ fò."

Oníbàárà wọn rẹ́rìn-ín títí irun fi já mọ́ àǹtí lọ́wọ́. Inú bí mi sí gbogbo wọn, àmọ́ èmi gan-an ni inú bí mi sí jù. Kí ni mò ń fi ẹ̀kọ́ ilé ṣe níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni?

Nígbà tí mo délé, mo rí fọ́ọ̀mù ìrìn àjò náà lórí tábìlì. Torí pé bààlúù náà kéré, orúkọ àti ìwọ̀n ara olúkúlùkù ni wọ́n béèrè. Lórí ìlà kẹrin, ọ̀gá ti kọ "valigie", ìyẹn ẹrù. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá màmá.

"Signora," ni mo pè wọ́n.

"Sì?" ni màmá dá mi lóhùn.

Dípò kí n sọ ohun tí mo bá wá, mo ní ṣé wọ́n ti lo oògùn wọn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni tó jí, mo gun òṣùwọ̀n nínú balùwẹ̀ tòun ti bàtà. Mo fa igi lórí "valigie", mo kọ orúkọ mi sókè rẹ̀, mo sì kọ kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta.