Ariwo Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tí Èmi Nìkan Ń Gbọ́

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ fún ọkọ mi pé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ń ké, ó ní ọkọ̀ kò ké. Mo ní ó ń ké. Ó ní ọkọ̀ tí òun ń wà lójoojúmọ́, tí òun ń fi aṣọ ọ̀tọ̀ nù bí ọmọ tuntun, ṣé èmi ni màá wá sọ ohun tó ń ṣe é fún òun? Mo dákẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ̀ pé ìdákẹ́ mi kì í pẹ́.

Ọkọ̀ eré sísá ni, pupa fòò, onílẹ̀kùn méjì. Ó sún mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn gbọ́dọ̀ di ilẹ̀kùn mú kó tó lè dìde nínú rẹ̀. Ìjókòó méjì péré ló ní: ti awakọ̀, àti ti ẹni tó bá gbà láti bá a jìyà. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kó tó rà á lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó lọ sí òkè òkun. Láti ìgbà èwe rẹ̀ ló ti ń fẹ́ irú ẹ̀, mi ò sì ní purọ́, ó yẹ ẹ́. Èmi ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ẹ̀kọ́ girama kan ní Adó, mo sì ní ọkọ̀ kékeré tèmi. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ọkọ̀ pupa yìí la máa ń gbé lọ sí ilé bàbá ọkọ mi ní Ìyìn.

Kì í ṣe ọkọ̀ gan-an ló ń dùn mí. Láti ìgbà tó ti dé ni ọkọ mi kì í ti í dá mi lóhùn mọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá jọ jókòó sídìí tábìlì nílé, à ń sọ̀rọ̀, à ń ṣàwàdà. Ká wọ ọkọ̀ báyìí, ó parí. Á kọjú sọ́nà, á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, màá sọ̀rọ̀ láti Adó dé Ìyìn, kò ní fèsì kan. Mo sọ fún un pé ilé ti dá jù láti ìgbà tí àbígbẹ̀yìn wa ti kó kúrò nílé. Kò fèsì. Mo sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà mí fún ọjọ́ tí èmi náà á fẹ̀yìn tì. Ó yí gíláàsì fèrèsé sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú ọkọ̀ náà nínú ọkọ̀ náà. Mo pè é ní orogún mi, mo ní kó kúkú lọ san owó orí rẹ̀ nílé àwọn tó ṣe é. Ẹ̀rín náà ló ń rín. Ó dùn mí wọ egungun. Ká wá fi ti ariwo kún un, kó ní mò ń purọ́, ìyẹn ni mi ò lè gbà. Mo pinnu pé ọkọ mi gbọ́dọ̀ gbà, lẹ́ẹ̀kan péré, pé ohun tí mo sọ rí bẹ́ẹ̀. Bó bá lè gbà mí gbọ́ lórí ọkọ̀, bóyá ó lè gbà mí gbọ́ lórí ìyókù.

Mẹkáníìkì wa wà ní àdúgbò Adébáyọ̀. Mùsùlùmí ni, ọmọ Adó, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, àmọ́ nípa ọkọ̀, ohun tí ọkùnrin bá sọ ló máa ń kọ́kọ́ gbà. Ọkọ mi lọ bá a, ó ní ìyàwó òun sọ pé nǹkan ń ké, kó bá òun wò ó kí ilé lè tòrò. Mẹkáníìkì wa ọkọ̀ náà yí ká Adébáyọ̀ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ó padà wá, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo fárígá. Kí n lè sinmi, wọ́n pààrọ̀ táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Ariwo wà níbẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ béárìn tó ń jẹ́ kí táyà yí geere. Ariwo wà níbẹ̀, ó tún wá le sí i. Mẹkáníìkì wá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún mi pé kí n jẹ́ kí Dádì gbádùn mọ́tò wọn. Inú bí mi débi pé mi ò dágbére kí n tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ sùnnùkùn, ojú sùnnùkùn la fi ń wò ó. Ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ gbogbo ni pé, bí o bá fẹ́ mọ ohun tó fa nǹkan, yí ohun kan ṣoṣo padà, kí o jẹ́ kí ìyókù wà bó ṣe wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, dípò kí n máa bá ọkọ mi fa ọ̀rọ̀, etí ni mo fi ṣiṣẹ́. A kúrò lórí ọ̀dà tó dán, a bọ́ sórí èyí tó ti họ. Igbe náà kò yí padà. Kì í ṣe táyà nìyẹn. A yí kọ́nà sọ́tùn-ún, a yí sósì. Kò yí padà. Mo sì ti bèèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀, wọ́n ní béárìn tó bá ti jẹ máa ń pa ohùn dà ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá tẹná kó lè gun òkè, igbe á bẹ̀rẹ̀, tínńrín bí ti ẹ̀fọn tó há sínú àwọ̀n. Bó bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná tí ọkọ̀ ń fúnra rẹ̀ yí lọ, lórí eré kan náà, igbe á dákẹ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń darí igbe náà. Ohun tó ń gbé agbára fún táyà ẹ̀yìn ló ń ké.

Àpò irin kan wà láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì. Dífúréńṣà ni àwọn mẹkáníìkì ń pè é. Inú rẹ̀ ni àwọn jíà ti ń pín agbára ẹ́ńjìnì fún táyà ọ̀tún àti ti òsì. Bí eyín jíà wọ̀nyí bá jẹ, wọ́n á máa ké. Bí wọ́n bá wá jẹ jù, wọ́n lè há mọ́ra wọn, kí táyà dúró gbagidi lórí eré. Nígbà tí mo mọ èyí, oorun kò kùn mí mọ́, nítorí ọkọ mi kì í rọra sọ̀kalẹ̀ nínú àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìyìn.

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, mo ní kó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Ó jù ú sí mi, ó ní kí n lọ wá iwin tó ń ké sí mi létí, ó sì lọ sí ìpàdé àwọn ọkùnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wà á dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, mo sọ gbogbo ohun tí mo rí fún un: ti ọ̀dà, ti kọ́nà, ti ẹsẹ̀ lórí iná. Ó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo ní àìrìnjìnnà ló jẹ́ kó má rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Kò lè gbọ́ igbe yẹn ní Adébáyọ̀ nítorí kò sí ibi tó ti lè tẹná ní Adébáyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó dáa, ká lọ sọ́nà Ìyìn, ṣùgbọ́n òun kò ní jókòó níwájú. Ó ní bó bá jẹ́ jíà ẹ̀yìn ni lóòótọ́, orí rẹ̀ gan-an ni òun fẹ́ gbé etí lé. Ló bá ṣí búùtù, ó wọ inú rẹ̀, ó dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju búùtù lọ, ó yọ síta. A fi okùn so ìdérí mọ́lẹ̀ kó má baà gbá a lẹ́sẹ̀.

Èmi, àgbà tíṣà, ìyá ọlọ́mọ, mo gbé ọkùnrin sínú búùtù, mo so ó mọ́lẹ̀, mo tẹná. Ọ̀rọ̀ ìjínigbé ló sì wà lẹ́nu gbogbo ayé lásìkò yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò rò ó rárá.

Bí a bá débi òkè, màá tẹná, màá kígbe pé, "Ó ń ké!" Bí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò, màá kígbe pé, "Ó dákẹ́!" Mẹkáníìkì á sì fẹsẹ̀ gbá ara búùtù kí n mọ̀ pé òun gbọ́. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ ìlú tó wà lójú ọ̀nà kó tó di Ìyìn ṣe rí wa nìyẹn: obìnrin kan tó ń pariwo nínú ọkọ̀ pupa, àti ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ń ta pàù lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n na ṣakabùlà sí mi. Ọ̀gá wọn fi èdè Èkìtì bi mí pé uṣẹ́ kí ni ọkùnrin náà ń ṣe nínú búùtù. Mo ní jíà la wá yẹ̀ wò. Wọ́n wo ara wọn lójú. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé dífúréńṣà fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹni wà níwájú pátákó, ó sì dájú pé àlàyé náà tún ń mú kí ọ̀rọ̀ wa burú sí i. Mẹkáníìkì fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ jáde, dúdú fún gírísì dé ìgúnpá. Nígbà tí wọ́n rí ọwọ́ yẹn, wọ́n fi ìbọn sílẹ̀. Ọ̀gá wọn ní ká máa lọ, àmọ́ kí ọkùnrin náà wá jókòó níwájú bí èèyàn.

Nígbà tó jókòó tì mí, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ. Abẹ́ etí mi gan-an ló ti ń ké. Ẹ má sá eré padà."

Mo wa ọkọ̀ náà padà sí Adó bí ẹni gbé ẹyin. Mo pe ọkọ mi lórí fóònù láti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, àmọ́ kò gbé e. Mo wá kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé kó máa bọ̀, ó sì dé. Wọ́n ti fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè nígbà náà. Mẹkáníìkì ti tú ọ́ìlì inú dífúréńṣà sínú abọ́. Ó dúdú, irin wẹ́wẹ́ sì ń dán nínú rẹ̀. Ó di irin gígùn tó ń gbé agbára láti iwájú bọ̀ mú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, irin náà ń rìn fàlàlà kí táyà tó mira. Ọkọ mi fi ìka kan ọ́ìlì náà, ó fi àtàǹpàkò yí i wò. Mo rí i pé ìgboyà rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń retí kó yíjú sí mi kó sọ pé mo jàre.

Mẹkáníìkì ní kó gbọ́ ọ fúnra rẹ̀. Ó bu ọ́ìlì mìíràn sí i, ó tanná sí ọkọ̀, ó ki jíà, táyà ẹ̀yìn ń yí nínú afẹ́fẹ́. Ó fi ẹnu sùkúdíráfà gígùn kan ti àpò irin náà, ó gbé etí lé ìdí rẹ̀, ó sì yára fà sẹ́yìn nítorí igbe náà le. Ó fi í lé ọkọ mi lọ́wọ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí lé e, ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mẹkáníìkì ti padà sábẹ́ ọkọ̀. Ó bèèrè láti ibẹ̀ pé ṣé Dádì gbọ́. Ọkọ mi kò dáhùn. Ó tún bèèrè. Kò dáhùn. Èmi ti ń bínú, mo rò pé orí kunkun rẹ̀ náà ló ń ṣe, pé ó gbọ́ ṣùgbọ́n kò fẹ́ gbà. Mẹkáníìkì wá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ó dúró níwájú rẹ̀, ó fi ohùn tí kò ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bi í ní ìbéèrè kan náà. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó ní ó ń gbọ̀n lọ́wọ́ òun, ṣùgbọ́n òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ìbéèrè kan náà ni, ohùn kan náà. Pé ó wá ń rí ojú ẹni tó ń bèèrè nìkan ló yí padà.

Mẹkáníìkì pa ọkọ̀, ó lọ kírun. Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń nu ọwọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá mò ń tan ara mi. Mo lọ dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo pè é bí mo ṣe máa ń pè é nílé. Kò mira. Mo rìn yí ká dé iwájú rẹ̀, mo tún fi ohùn yẹn pè é.

"Kí ni?" ló wí.

Mo bi í pé láti ìgbà wo. Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò yé, lẹ́yìn náà ló wolẹ̀. Ó ní ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan. Ó ní ohùn àwọn obìnrin àti àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ lọ. Nílé, ẹnu mi ni òun máa ń wò, òun sì ń rí i mú, nítorí òun ti mọ ẹnu náà tipẹ́. Òun kò fẹ́ sọ, kí n má baà máa pariwo mọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ arúgbó. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Ti ọkọ mi ti di bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Mo fẹ́ bínú, ìbínú kò wá. Àánú rẹ̀ ló ṣe mí, àánú ara mi náà sì ṣe mí.

Mo ní, "Nínú ọkọ̀ ńkọ́? Gbogbo ohun tí mò ń sọ fún yín láti ọjọ́ yìí?"

Ó gbójú sókè. Ó yà á lẹ́nu. "Ṣé ọ̀rọ̀ lo máa ń sọ? Mo máa ń fi igun ojú rí i tí ẹnu rẹ ń lọ, tí orí rẹ ń mì. Mo rò pé orin lò ń kọ. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọ̀nà Ìyìn nìyẹn. Màá máa sọ fún ara mi pé, wo obìnrin tó lóun ò fẹ́ mọ́tò yìí, ó ń kọrin nínú ẹ̀."

Mo rántí orogún, mo rántí owó orí, mo rántí gbogbo èébú tí mo fi bá a dé Ìyìn, tó ń bá mi rẹ́rìn-ín sí.

Ó bi mí pé kí wá ni mò ń sọ. Mo fa àpótí kan wá, mo jókòó kọjú sí i kó lè rí ẹnu mi dáadáa, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé tó dá.